Adapter Shift: Bí Sẹ́ńsọ̀ Kékeré Ṣe Ń Mú Ilé Nàró

Adapter shift jẹ́ òrùka irin tí wọ́n ń fi há àárín lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà. Iṣẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́ kò yàtọ̀ sí ti adapter mìíràn: ó ń jẹ́ kí lẹ́ǹsì ilé-iṣẹ́ kan wọ kámẹ́rà ilé-iṣẹ́ mìíràn. Iṣẹ́ kejì ló sọ ọ́ di ohun ọ̀tọ̀. Ó pín sí abala méjì tó ń yọ̀ lórí ara wọn, débi pé bí wọ́n bá tú ìdè rẹ̀, lẹ́ǹsì lè sún lọ sókè, sísàlẹ̀ tàbí sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí kámẹ́rà sì dúró gbọn-in. Orí kámẹ́rà mirrorless, ìyẹn èyí tí kò ní dígí nínú, ni irinṣẹ́ yìí ti wúlò jù, pàápàá àwọn tí sẹ́ńsọ̀ wọn kéré: Micro Four Thirds àti APS-C.

Ìṣòro tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe é kì í ṣe tuntun. Kí ènìyàn dúró ní Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn, kí ó gbé kámẹ́rà sókè kí orí Cocoa House lè wọ fọ́tò. Ilé náà á wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n á dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú sẹ́yìn, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì á sì máa fún pọ̀ bí wọ́n ṣe ń lọ sókè. Kì í ṣe ẹ̀bi lẹ́ǹsì. Kámẹ́rà tó ṣíjú sókè ti kọ ìdúró tí ògiri dúró, ohun tó sì jìnnà máa ń kéré ju ohun tó wà nítòsí lọ. Oògùn rẹ̀ ni kí kámẹ́rà wà lóòró bí ògiri ṣe wà, kí ó jẹ́ lẹ́ǹsì nìkan ni yóò gòkè. Àwọn kámẹ́rà ńláńlá alápò tí wọ́n ń lò láyé àtijọ́ lè ṣe èyí láìní wàhálà. Fún kámẹ́rà fíìmù 35mm, ọdún 1962 ni Nikon gbé PC-Nikkor 35mm f/3.5 jáde, tó ń sún mílímítà 11. Ní 1973, Canon gbé TS 35mm f/2.8 tirẹ̀ dé, tó ń sún tó sì tún ń tẹ̀. Irú lẹ́ǹsì báyìí ṣì wọ́n títí dòní.

Ibi tí sẹ́ńsọ̀ kékeré ti wọ ọ̀rọ̀ náà nìyí. Lẹ́ǹsì kì í ju àwòrán onígun mẹ́rin; òbìrí ìmọ́lẹ̀ ló ń jù, bíi ti tọ́ọ̀ṣì lára ògiri, sẹ́ńsọ̀ á sì gé ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀. Lẹ́ǹsì tí wọ́n ṣe fún fíìmù 35mm, tí ojú rẹ̀ jẹ́ mílímítà 36 ní 24, gbọ́dọ̀ ju òbìrí tí fífẹ̀ rẹ̀ tó mílímítà 43.3, kí igun fọ́tò má bàa ṣókùnkùn. Sẹ́ńsọ̀ Micro Four Thirds kò ju mílímítà 17.3 ní 13 lọ. Láti igun kan dé ìkejì tó kọjú sí i, 21.6 ni, ìdajì òbìrí náà. Àyè tó ṣẹ́ kù ni adapter ń jẹ. Bí a bá ṣírò rẹ̀, kámẹ́rà tí a mú ní ìbú lè sún bíi mílímítà 13 sókè kí igun rẹ̀ tó kan etí òbìrí. Èyí tí a mú lóòró lè sún 12. APS-C, tó jẹ́ bíi 23.5 ní 15.6, rí bíi 10 àti 8. Sẹ́ńsọ̀ full-frame, ìyẹn èyí tó tóbi tó ojú fíìmù 35mm, kò rí nǹkan kan, nítorí òun ló jẹ gbogbo òbìrí tán.

Nítorí náà, lẹ́ǹsì àtijọ́ tó wà nínú àpótí ẹnì kan, tí kò sẹ́ni tó pè é ní lẹ́ǹsì shift rí, lè sún lórí Micro Four Thirds ju bí PC-Nikkor gan-an ṣe ń sún lọ. Sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó kéré, kíkéré rẹ̀ ló ṣe é lóore níbí.

Àyè tún gbọ́dọ̀ wà fún irin tó ń yọ̀ náà. Kámẹ́rà onídígí jẹ́ kí ẹ̀yìn lẹ́ǹsì jìnnà sí fíìmù kí dígí lè ráyè gbé ara rẹ̀ sókè: ti Nikon F jẹ́ mílímítà 46.5. Micro Four Thirds, tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Panasonic Lumix G1 ní 2008, jẹ́ 19.25, Sony E jẹ́ 18, Fujifilm X jẹ́ 17.7. Lẹ́ǹsì Nikon F lórí Micro Four Thirds fi 27.25 sílẹ̀ fún adapter, ìyẹn sì tó láti kó gbogbo irin rẹ̀ sí. Kí kámẹ́rà aláìnídígí tó dé, ẹni tó bá fẹ́ irú ọgbọ́n yìí ní láti wá lẹ́ǹsì tó ju ti 35mm lọ. Adapter Zörk àti Mirex láti Jámánì ń lo lẹ́ǹsì medium format lórí kámẹ́rà 35mm lọ́nà yìí. Lónìí, Kipon àti Fotodiox wà lára àwọn tó ṣe é fún mirrorless.

Àbùkù rẹ̀ wá ńkọ́? Sẹ́ńsọ̀ tó gé àárín òbìrí nìkan ti sọ lẹ́ǹsì 24mm di ohun tó ń ríran bíi 48mm. Ẹ jẹ́ ká padà sí Cocoa House, tó ga tó mítà 105. Pẹ̀lú 24mm tó sún mílímítà 12 lórí Micro Four Thirds, kámẹ́rà tí a mú lóòró ní láti jìnnà tó bíi mítà 120 kí orí ilé tó wọlé. Láìsún, bíi 290 ni. Èrè náà pọ̀, ṣùgbọ́n ta ló rí mítà 120 tí kò sí wáyà iná àti bíbọ́ọ̀dù nínú rẹ̀ láàárín ìgboro? Lẹ́ǹsì 14mm á dín in kù sí bíi 70. Àwọn kan máa ń ronú kan Speed Booster tí Metabones gbé jáde ní 2013, tó ń fún àwòrán pọ̀ sí ìlọ́po 0.71 kí ojú lẹ́ǹsì lè gbòòrò. Ó ń ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òbìrí 43.3 náà á fún pọ̀ di bíi 31, àyè láti sún á sì dín kù púpọ̀.

Ilé tí kò ga tó bẹ́ẹ̀, bíi pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn Àgùdà ní Lagos Island, ló bá adapter yìí lára mu dáadáa. Láti mítà 10 lódìkejì òpópónà, fọ́tò 24mm tí a mú lóòró láìsún kò kọjá bíi mítà 5 sókè. Bó bá sún mílímítà 12, ó dé bíi mítà 10. Ìbú rẹ̀ ni kò ju mítà 5 àti díẹ̀ lọ. Adapter tó ń yí lè sún sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì so fọ́tò méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ohun kan wà tó yẹ kéèyàn kíyè sí: kámẹ́rà ni tripod sábà máa ń dì mú, nítorí náà lẹ́ǹsì ló ń kúrò lójú kan, òpó tó bá wà nítòsí kò sì ní bá ara rẹ̀ mu nínú fọ́tò méjèèjì. Kí wọ́n sún gbogbo kámẹ́rà padà ní iye mílímítà kan náà, ìṣòro náà tán.

Nínú lílò, kò sí wáyà kankan láàárín lẹ́ǹsì àti kámẹ́rà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń wá ojú àwòrán, ọwọ́ náà ni wọ́n fi ń dín ojú lẹ́ǹsì kù. Nikon AI, Olympus OM, M42 àti Canon FD dára fún un, nítorí òrùka ìdínkù wà lára wọn. Canon EF kò dára, torí iná kámẹ́rà ló ń darí ìdínkù tirẹ̀. Kí wọ́n gba kámẹ́rà láyè láti yàwòrán láìní lẹ́ǹsì, kí wọ́n sì tẹ iye mílímítà lẹ́ǹsì sínú ètò tó ń dènà gbígbọ̀n. Etí òbìrí kì í mú bí àárín. F/8 máa ń tún un ṣe díẹ̀.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Ẹni tó ní lẹ́ǹsì 7-14mm f/4 ti Panasonic, tó jáde ní 2009, lè mú kámẹ́rà lóòró ní 7mm, kó gbé e dúró ṣánṣán, kó sì gé ìdajì ìsàlẹ̀ fọ́tò dànù. Bíi mítà 84 ló máa ti gba Cocoa House wọlé láìní adapter kankan, ṣùgbọ́n ìdajì píksẹ́lì ti lọ. Fún ilé gíga nínú ìlú tó há, ọ̀nà yẹn dára ju 24mm lórí adapter lọ. Fún ojú ilé, ilẹ̀kùn gbígbẹ́ àti fèrèsé, níbi tí gbogbo píksẹ́lì ti ṣe pàtàkì, kí ẹni tó ti ní lẹ́ǹsì àtijọ́ 24mm tàbí 28mm nílé ra adapter shift kó tó ronú kan lẹ́ǹsì shift.