Ìgbà Tó Yẹ Ká Gé Òdòdó Inú Ìkòkò

Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ọjọ́ orí igi ni òwe yìí ń wò, ó sì bá ìrókò mu, torí kò sẹ́ni tó ń retí òdòdó lára ìrókò. Àmọ́ ẹni tó gbin bougainvillea sínú ìkòkò síwájú ilé, tó wá ń gé e nígbàkígbà tí ẹ̀ka bá ti yọrí síta, yóò ní igi tó gún régé tí kì í tanná. Lójú tèmi, ibi tí ìtànná ti ń yọ lára igi ló yẹ kó sọ ìgbà tí a ó gé e fún wa.

Gúúsù Amẹ́ríkà ni bougainvillea ti wá. Nítòsí Rio de Janeiro ni Philibert Commerson, onímọ̀ ewéko tó bá Louis-Antoine de Bougainville rìnrìn àjò ojú òkun, ti rí i ní 1767. Ewé ni ohun aláwọ̀ pupa tó ń wù wá lára rẹ̀. Ìtànná gan-an ni ohun funfun kékeré tó wà láàárín. Orí ẹ̀ka tuntun ló ti ń yọ, ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló sì ń pọ̀ jù. Bí ṣóńṣó ẹ̀ka bá wà níbẹ̀, èròjà kan ń ti ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tí kì í jẹ́ kí àwọn ojú tó wà nísàlẹ̀ là. Bí a bá gé ṣóńṣó náà, àwọn ojú yẹn á là, ẹ̀ka kan á di méjì tàbí mẹ́ta, orí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ìtànná yóò sì ti yọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ka tuntun ń fẹ́ omi, erùpẹ̀ inú ìkòkò kò sì pọ̀. Ọyẹ́ a máa fà á gbẹ kíákíá. Ìdí nìyẹn tí ìparí oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, nígbà tí ìtànná ẹ̀ẹ̀rùn bá ti rẹ̀ dànù, tí àkọ́rọ̀ òjò sì ti dé, fi dára jù láti gé e wálẹ̀, láìju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Láti oṣù Kẹsàn-án, kí àlùmọ́gàjí sinmi, kí ẹ̀ka lè gbó de ẹ̀ẹ̀rùn.

Àwọn kan á ní òjò ń mú un gùn jù, pé ẹ̀gún rẹ̀ á máa ha èrò ọ̀nà lára. Òótọ́ ni, ẹ̀ka tó dí ọ̀nà, tó kú tàbí tó ṣàìsàn kò ní àsìkò, ọjọ́ tí a bá rí i ni ká gé e. Èyí yàtọ̀ sí ká rẹ́ gbogbo orí igi. Àwọn mìíràn ní ká kúkú fi í sílẹ̀. Igi tí a kò gé ń tanná lóòótọ́, àmọ́ ọ̀nà jíjìn lókè ni, ìsàlẹ̀ á ṣófo, orí á wúwo ju ìdí lọ, ìjì kan ṣoṣo sì lè bì í ṣubú tìkòkò-tìkòkò.

Àtakò tó lágbára jù ni pé kì í ṣe gbogbo igi olódòdó ló rí báyìí. Bẹ́ẹ̀ ni, èyí gan-an ló sì gbe ọ̀rọ̀ mi lẹ́sẹ̀. Hydrangea olórí ńlá tí wọ́n ń gbìn sínú ìkòkò ní Lọ́ńdọ̀nù ti ń rúdi ìtànná ọdún tó ń bọ̀ sára ẹ̀ka ọdún yìí láti ìparí ìgbà ooru. Ẹni tó bá gé e wálẹ̀ nígbà òtútù ti gé òdòdó náà dànù kó tó là. Ìgbà tí òtútù bá ń lọ ni wọ́n ń gé orí òdòdó gbígbẹ, títí dé orí ojú méjì àkọ́kọ́ tó sanra. Bí igi náà bá ti dàgbà, wọ́n lè gé ẹ̀ka kan tàbí méjì tó gbó jù láti ìdí lọ́dọọdún.