Gẹ̀lẹ̀dẹ́

Eré ijó oníbojú tí àwọn Yorùbá fi ń júbà àwọn ìyá wa. Kétu, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ni ọ̀pọ̀ ìtàn sọ pé ó ti ṣẹ̀, ó jọ pé ní ìparí ọ̀rúndún 18. Ní London, láàárín 1771 sí 1773, Matthew àti Mary Darly ń tẹ àwòrán tó ń fi àwọn ọ̀dọ́kùnrin aṣoge ṣẹ̀sín. Bébà ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ tiwọn, bojú igi Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni a fi ń ṣe tiwa. Ọkùnrin ló ń gbé e jó, ojú obìnrin ló sì sábà máa ń wà lára rẹ̀. Òkè orí ni yẹ̀yẹ́ wà: gèlè tó ga fíofío, òyìnbó tó dé akoto, géńdé lórí alùpùpù. Agbẹ́gilére kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni, ará ìlú á kàn rẹ́rìn-ín. Lóru, Ẹ̀fẹ̀, oníbojú akọrin, á fi orin tú àṣírí aláṣejù, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ bínú. UNESCO bu ọlá fún un ní 2001, ó wọ àkójọ àjogúnbá aráyé ní 2008 lórúkọ Yorùbá-Nàgó Benin, Nàìjíríà àti Togo.