Oníwàásù Láàárín Ogun: Iṣẹ́ Àlùfáà Méjì Nígbà Ogun Kírìjì

Nígbà tí ìlú bá dàrú, kí ni à ń retí lẹ́nu oníwàásù? Àwọn kan gbà pé àdúrà àti ìwàásù àlàáfíà ti tó. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ fi iṣẹ́ àlùfáà ìjọ CMS méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, hàn pé ọ̀rọ̀ oníwàásù kì í rinlẹ̀ àfi bí ó bá tọ àwọn tí ó ni ìjà lọ.

Ọdún 1878 ni Èkìtìparapọ̀ gbé ogun ti Ìbàdàn. Àwọn ọmọ ìjọ ni wọ́n ń gbọ́ ìwàásù. Àwọn balógun tí ó ni ogun wà ní ibùdó wọn. Ní 1881, Aláàfin Adéyẹmí fi ìwé rán Johnson sí Gómìnà Èkó pé kí ó dá sí ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ogun kò dáwọ́ dúró.

Ní 1886, Gómìnà Moloney pín iṣẹ́ náà sí méjì. Johnson, tí ó dàgbà ní Ìbàdàn tí ó sì ń ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, lọ bá Aláàfin àti Ìbàdàn. Phillips, àlùfáà Oǹdó, lọ bá Èkìtìparapọ̀. Ọgbọ́n wà nínú ìpín yìí: ẹni tí a bá mọ̀ ni a ń fetí sí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Júùnù ọdún náà ni wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gba òmìnira wọn. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Ìgbájọ kù sọ́wọ́ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lè kúrò. Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ àsọdùn. Ọ̀rọ̀ Ọ̀fà àti Ìlọrin kò yanjú, ó sì di 1893 kí àwọn ibùdó ogun tó tú tán.

Ìtàn yìí kan àwa olùkọ́ gbọ̀ngbọ̀n. Johnson yìí kan náà ni ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí Obadiah, àbúrò rẹ̀, ṣètò títẹ̀ rẹ̀ jáde ní 1921. A máa ń fi ìwé náà jẹ́rìí bí ẹni pé adájọ́ tí kò bá ẹnikẹ́ni tan ni ó kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ẹni tí ó ru iṣẹ́ àlàáfíà lọ sí ibùdó ogun ni, ọ̀dọ̀ Ọ̀yọ́ ni ó sì ti ń wo ọ̀pọ̀ nǹkan. Èyí kò sọ ìwé náà di yẹpẹrẹ. Ohun tí ó ń béèrè ni pé, bí a bá ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ tàbí tí a bá ń ṣètò ìdánwò, kí a bi wọ́n pé: ta ni ó ń sọ̀rọ̀ níhìn-ín? Òpìtàn ni, oníwàásù ni, àbí alárinà? Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá lè dáhùn ìyẹn ti mọ bí a ṣe ń ka ìtàn.