Nígbà Tí Àtúnṣe Kò Wo Àìsàn: Ìtàn Ṣíìpù Tí Ó Ba Kọ̀ǹpútà Jẹ́

Àwọn àgbà a máa bá ẹni tí ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tí ó ń pa làpálàpá wí. Irú ìtọ́jú bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ra kọ̀ǹpútà alágbèéká ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 2007 ráhùn pé àwọn rí gbà, títí tí ọ̀rọ̀ fi dé ilé-ẹjọ́.

Ṣíìpù tí ó ń gbé àwòrán sí ojú kọ̀ǹpútà ni orísun wàhálà náà. Ilé-iṣẹ́ Nvidia ni ó ṣe é. HP, Dell àti Apple rà á, wọ́n sì fi í sínú ọjà wọn. Bí a bá tan kọ̀ǹpútà, ṣíìpù a gbóná. Bí a bá pa á, a tutù. Gbígbóná àti títutù lemọ́lemọ́ yìí mú kí òjé kéékèèké tí ó so ṣíìpù mọ́ ibùjókòó rẹ̀ máa já díẹ̀díẹ̀, nítorí pé ohun èlò tí wọ́n lò kò lágbára tó. Àwọn ẹ̀rọ kan ń fi ìlà ségesège hàn, ojú àwọn mìíràn sì ṣókùnkùn pátápátá.

Ní oṣù Keje ọdún 2008, Nvidia kéde pé òun yóò ya mílíọ̀nù 150 sí 200 dọ́là sọ́tọ̀ fún ìnáwó wáráǹtì àti àtúnṣe. Kí ó tó dìgbà náà, HP ti fi àkókò kún wáráǹtì àwọn kan lára ẹ̀rọ rẹ̀. Dell náà ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì gbé sọ́ftíwéà kan jáde tí ó ń mú kí fáànù ṣiṣẹ́ sí i. Ṣùgbọ́n fáànù kò lè so òjé tí ó ti já. Bí wọ́n bá sì pààrọ̀ mọ́dábọ́ọ̀dù, tí ṣíìpù orí tuntun jẹ́ irú ti àtijọ́, àìsàn kan náà lè padà lẹ́yìn tí wáráǹtì bá ti parí.

Owó agbẹjọ́rò pọ̀ ju iye kọ̀ǹpútà kan lọ, ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òfin Amẹ́ríkà gba àwọn tí ìyà kan náà jẹ láyè láti pe ẹjọ́ kan ṣoṣo. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní àríwá Califóníà fọwọ́ sí àdéhùn: wọn yóò tún ẹ̀rọ Dell àti ti Apple tí ọ̀ràn kàn ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, wọn yóò sì fún àwọn oníbàárà HP ní kọ̀ǹpútà mìíràn.

Ìjà kò parí síbẹ̀. Compaq CQ56, kọ̀ǹpútà olówó pọ́ọ́kú, ni wọ́n fún àwọn oníbàárà HP. Àwọn kan tí ó ti náwó gọbọi lórí ẹ̀rọ wọn fárígá pé èyí kò tó ohun tí àwọn pàdánù. Wọ́n padà sí ilé-ẹjọ́, ṣùgbọ́n ìpinnu kò yí padà.

Ẹni tí ó ra irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ní tòkunbọ̀ ní Computer Village, Ìkẹjà, kò lè jẹ nínú àdéhùn náà, nítorí pé ọjà tí wọ́n rà ní Amẹ́ríkà ni ó wà fún. Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ báyìí, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2019, tí ó fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí ọjà tí ó dára, tí ó sì lálòpẹ́. Àjọ FCCPC ni ó ń gba ẹ̀sùn lórí rẹ̀.

Òfin kò sì lè gbèjà ẹni tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Kí oníbàárà tọ́jú rìsíìtì. Kí ó gba ìwé ní gbogbo ìgbà tí ó bá gbé ẹ̀rọ lọ fún àtúnṣe, kí wọ́n kọ ohun tí ó bàjẹ́ àti ohun tí wọ́n pààrọ̀ sínú rẹ̀. Bí àbùkù kan náà bá farahàn lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ìwé náà ni yóò fi hàn pé ọjà gan-an ni ó lábùkù, kì í ṣe ẹni tí ó ń lò ó.