Ẹ̀rí Inú Egungun: Ọ̀rọ̀ Ọmọ Inú Odò Thames

Ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001, wọ́n gbé òkú ọmọkùnrin kékeré kan jáde nínú odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò lórí, kò lápá, kò lẹ́sẹ̀. Kò sí ìka tí wọ́n lè tẹ̀ sórí ìwé, kò sí eyín tí wọ́n lè yẹ̀ wò. Àwọn ọlọ́pàá sọ ọ́ ní Adam. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa bí bàọ́lọ́jì ṣe ń ran ìwádìí ọ̀ràn lọ́wọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ yìí ni kó ti bẹ̀rẹ̀.

DNA tí a ń jogún lọ́dọ̀ ìyá nìkan tọ́ka sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ó sì dúró síbẹ̀. Egungun ló tẹ̀ síwájú. Strontium, èròjà kan tó wà nínú àpáta, máa ń bá omi wọnú ilẹ̀, yóò sì gba inú iṣu, ẹ̀fọ́ àti omi mímu dé egungun ọmọ tó ń dàgbà. Bí ẹ̀yà 87 rẹ̀ ṣe pọ̀ tó sí ẹ̀yà 86 yàtọ̀ láti ilẹ̀ dé ilẹ̀. Ti Adam jọ ti àpáta tó ti pẹ́ gan-an láyé, ṣùgbọ́n irú àpáta bẹ́ẹ̀ pọ̀ káàkiri. Ìgbà tí àwọn olùwádìí wá sí Nàìjíríà, tí wọ́n kó erùpẹ̀, òkúta àti egungun lọ fi wé tirẹ̀, ni wọ́n tó lè dárúkọ agbègbè Benin City.

Àwọn kan ń pe irú ẹ̀rí yìí ní ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Egungun kan ṣoṣo kò lè jẹ́rìí. Ohun tí a fi wé e ló ń sọ ọ́ di ẹ̀rí. Èérún ẹ̀wà Calabar, májèlé tó ń dá iṣan dúró, wà nínú ìfun ọmọ náà. Èso ilẹ̀ wa ni, àmọ́ ọgbà Kew ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí wọ́n ti ń kó ewé àti èso gbogbo ayé pamọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ni wọ́n ti dá a mọ̀.

Títí di òní, wọn kò tíì dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ikú Adam.

Nílẹ̀ wa níbí, ìjọba Èkó ṣí ilé àyẹ̀wò DNA lọ́dún 2017, ó sì dára. Ẹ̀rọ nìkan kò tó; a tún nílò ohun tí a ó fi wé e láti ilẹ̀ wa. Ìdin ara òkú, tí a fi ń ṣírò ọjọ́ ikú, máa ń yára dàgbà nínú ooru. Ẹni tó bá fi ìṣirò ilẹ̀ olótùútù ka ìdin Ìbàdàn yóò ní ikú ti pẹ́ ju bó ṣe rí lọ, aláìṣẹ̀ sì lè tìtorí bẹ́ẹ̀ wẹ̀wọ̀n. Àwọn yunifásítì wa ló yẹ kó máa tọ́ àwọn eṣinṣin tó ń yé ẹyin ìdin wọ̀nyí, kí wọ́n máa kọ wákàtí tí ìdin wọn fi ń dàgbà sílẹ̀, kí wọ́n sì ya àwòrán strontium ilẹ̀ wa láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀.