Bàbá Yín Lọ sí Kóńgò? Ibi Tí Àkọsílẹ̀ Rẹ̀ Wà Rèé

Ó ṣeé ṣe kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ nínú agbolé yín pé bàbá kan wà tó lọ sí Kóńgò. Tẹ́ ẹ bá béèrè pé ọdún wo ló lọ, ta ló rán an, kí ló sì lọ ṣe níbẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ẹ̀gbọ́n máa sọ, ọ̀tọ̀ ni ti àbúrò. Ẹni tó jẹ́ ọmọ 20 ọdún lọ́dún 1960 ti lé ní 80 báyìí. Àwọn tó lè dá wa lóhùn ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìdí rèé tí mo fi fẹ́ ká sọ̀rọ̀ nípa àwọn ìwé ìjọba àti ti àjọ àgbáyé tó wà lórí iṣẹ́ ìpẹ̀tùsááwọ̀, bí a ṣe ń wá wọn, àti ohun tí a kò ní rí nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí bọ́rọ̀ ṣe rí. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà ọdún 1960 ni Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ Bẹ́ljíọ̀mù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan táwọn sójà ibẹ̀ fi dìtẹ̀ sí àwọn ọ̀gá wọn tó jẹ́ òyìnbó. Bẹ́ljíọ̀mù kó ọmọ ogun wọlé láìgbàṣẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, Moise Tshombe kéde pé Katanga, ẹkùn tí bàbà pọ̀ sí jù, ti yapa. Lọ́jọ́ kejì, Ààrẹ Kasavubu àti Olórí Ìjọba Patrice Lumumba ránṣẹ́ sí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé pé kí wọ́n gba àwọn o. Ní ọjọ́ 14 oṣù náà, Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò ṣe ìpinnu 143. Orílẹ̀-èdè 8 fọwọ́ sí i, kò sẹ́ni tó ta kò ó, àmọ́ Bìrìtìkó, Faransé àti Ṣáínà kò dìbò. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn ni wọ́n ń pè ní ONUC.

Nígbà yẹn, àwa fúnra wa kò tíì gba òmìnira. Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá la gbà á, ọjọ́ 7 la di ọmọ ẹgbẹ́ kọkàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú àjọ náà, nígbà tó fi máa di oṣù Kọkànlá, àwọn sójà wa ti wà ní Kóńgò. Aguiyi-Ironsi ló kó bàtálíọ̀n karùn-ún lọ sí ẹkùn Kivu. Ní Bukavu, nínú oṣù Kejìlá ọdún yẹn, àwọn ọmọ Nàìjíríà ló gba àwọn oníṣègùn ará Ọ́stríà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó há wọn mọ́. Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, gba àmì ẹ̀yẹ Military Cross fún ìgboyà tó fi hàn lóhùn-ún. Àwọn ọlọ́pàá wa náà lọ. Lọ́dún 1964, Ironsi ló di ọ̀gá gbogbo ọmọ ogun àjọ náà ní Kóńgò, títí iṣẹ́ fi parí ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹfà. Nígbà tí wọ́n pọ̀ jù, àwọn ọmọ ogun láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè sún mọ́ 20,000.

Ibo la ti lè rí gbogbo èyí kà fúnra wa? Àjọ náà kì í ṣe nǹkan láìkọ ọ́ sílẹ̀. Oríṣi ìwé mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ mọ̀. Àkọ́kọ́ ni ìpinnu, tí nọ́ńbà rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S/RES/. Ìkejì ni àkọsílẹ̀ ìjókòó, S/PV., níbi tí wọ́n ti kọ gbogbo ohun tí aṣojú kọ̀ọ̀kan sọ. Ìkẹta ni ìròyìn tí Akọ̀wé Àgbà ń mú wá fún ìgbìmọ̀. Dag Hammarskjöld ló wà nípò náà títí ọkọ̀ òfurufú rẹ̀ fi já nítòsí Ndola ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1961, U Thant ló sì gbà á lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ní UN Digital Library. Ẹ má kàn tẹ "Congo" síbẹ̀ o, ìwé á ya bò yín. Nọ́ńbà ìwé gan-an ni kẹ́ ẹ tẹ̀.

Ọjọ́ tó wà lórí ìwé ṣe pàtàkì púpọ̀. Ìpinnu 143 ní kí wọ́n fi ọmọ ogun ran ìjọba Kóńgò lọ́wọ́ títí agbára àwọn ẹ̀ṣọ́ tiwọn fúnra wọn á fi ká iṣẹ́. Wọ́n pa Lumumba ní oṣù Kìíní ọdún 1961. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejì, ìpinnu 161 jáde, ó ní wọ́n lè lo agbára kí ogun abẹ́lé má bàa ṣẹlẹ̀, tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn mọ́. Nígbà tó di ọjọ́ 24 oṣù Kọkànlá, ìpinnu 169 ti fún wọn láṣẹ láti fi tipátipá mú àwọn àjèjì tó ń fowó jagun ní Katanga. Ṣé ẹ rí i? Bàbá tó débẹ̀ nígbẹ̀yìn ọdún 1960 àti èyí tó débẹ̀ lọ́dún kan lẹ́yìn náà, fìlà kan náà ni wọ́n dé, àṣẹ tó wà lọ́wọ́ wọn kò dọ́gba. Tẹ́ ẹ bá mọ oṣù tí bàbá yín lọ, ẹ óò mọ ohun tí wọ́n ní kó ṣe.

Kò tán síbẹ̀ o. Yàtọ̀ sí ìwé tí àjọ náà tẹ̀ jáde, ibi ìkówèépamọ́ wọn ní New York kún fún wáyà táwọn ọ̀gá ológun fi ránṣẹ́, ìròyìn ojoojúmọ́ àti lẹ́tà. Nọ́ńbà fáìlì ibẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú S- tó ní àmì ìsopọ̀. Ẹ má fi wé S/ tó ní ìlà ìdábùú, ìwé méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Fáìlì tó bá ti lé ní 20 ọdún sábà máa ń ṣí sílẹ̀ fún gbogbo èèyàn, àfi èyí tó bá jẹ́ àṣírí ńlá. Wọ́n ti gbé àwọn kan sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ sì lè fi ímeèlì béèrè èyí tí kò sí níbẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ti ECOMOG. Tó bá jẹ́ Làìbéríà ni bàbá yín lọ lọ́dún 1990, kì í ṣe Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ló rán an. ECOWAS ni, nítorí náà ẹ má wá a sí fáìlì New York. Síbẹ̀, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 1993, ìpinnu 866 dá ẹgbẹ́ alákìíyèsí UNOMIL sílẹ̀ níbẹ̀, ìròyìn Akọ̀wé Àgbà lórí wọn sì ń sọ̀rọ̀ ECOMOG. Ní Sàró, ìpinnu 1270 ti oṣù Kẹwàá ọdún 1999 ló dá UNAMSIL sílẹ̀. Àwọn sójà wa kan tó ti wà níbẹ̀ lábẹ́ ECOMOG kàn pààrọ̀ fìlà ni. Ti Lẹ́bánónì, UNIFIL ni kẹ́ ẹ wá, láti ọdún 1978, lábẹ́ ìpinnu 425.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tó dùn mí jù. Nínú àwọn ìwé wọ̀nyí, "bàtálíọ̀n Nàìjíríà" lẹ máa rí. Ẹ óò rí "sójà Nàìjíríà kan kú." Orúkọ àwọn ọ̀gá máa ń wà, ti ọmọ ogun lásán ṣọ̀wọ́n. Orílẹ̀-èdè ni àjọ àgbáyé ń kà, wọn kì í ka agbolé. Ọ̀gá tó ń kọ ìròyìn náà sì mọ ohun tó fẹ́ kí New York gbọ́. Ìdí nìyẹn tó fi dára kéèyàn fi ìwé wé ìwé. Àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù lè lọ sí Kew, níbi tí ìwé ilé iṣẹ́ ọ̀rọ̀ òkèèrè Bìrìtìkó wà. Àwọn tó wà nílé lè lọ ka ìwé ìròyìn àtijọ́ ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn.

Orúkọ ńkọ́? Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ wo inú àpótí ìyá àgbà. Mẹ́dà tí wọ́n kọ UN sí lójú lè wà níbẹ̀, tàbí ìwé owó oṣù, ìwé ìfẹ̀yìntì, lẹ́tà, fọ́tò. Ẹ yí fọ́tò padà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ àti ọjọ́ sí. Ẹ fi fóònù ya iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ má lẹ gọ́ọ̀mù mọ́ ọn, ẹ má sì fa ojúlówó ìwé lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ tó bá ní òun fẹ́ bá yín gba owó kan jáde. Tí bàbá bá ṣì wà láyé, ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ bi í ní nọ́ńbà iṣẹ́ ológun rẹ̀, bàtálíọ̀n rẹ̀, oṣù tó lọ, ìlú tí wọ́n fi í sí, àti àwọn tí wọ́n jọ lọ tí kò bá a padà.

Àwọn tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ONUC lé ní 200. Tí ọmọ ìlú wa bá wà nínú wọn, New York kò lè sọ agbolé tó ti jáde fún wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ ẹni yín, agbolé rẹ̀, ọdún tó lọ àti ibi tó lọ, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. A óò fi wọ́n sí ojú ìwé yìí lẹ́sẹẹsẹ bí wọ́n bá ṣe ń wọlé. Ọlọ́run á jẹ́ ká bá àwọn bàbá tó kù lórí ìjókòó.