Kíka Lẹ́búlẹ́bú Òdòdó inú Afẹ́fẹ́ ní Ilẹ̀ Rẹ́mọ

Lẹ́búlẹ́bú òdòdó ni ìyẹ̀fun tí akọ òdòdó ń tú jáde kí igi àti koríko lè so. Èyí tí afẹ́fẹ́ ń gbé kiri lè mú kí èèyàn máa sín léraléra, kí ojú máa yún un, kí èémí ẹni tó ní ásímà sì há.

Ní Rẹ́mọ, kì í ṣe obì tí Ṣàgámù fi lókìkí ló yẹ ká fura sí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe kòkó. Kòkòrò ló ń bá àwọn yẹn gbé tiwọn. Koríko gan-an ni ọ̀daràn, pàápàá eèsún tó ń tanná nígbà tí òjò bá ń kásẹ̀ nílẹ̀. Àgbàdo náà ń tú tirẹ̀: gbọn òdòdó orí rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́ láàárọ̀, wàá rí ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ wúwo, kì í lọ jìnnà.

Kíka lẹ́búlẹ́bú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Charles Blackley ará Manchester, tí àìsàn sísín tí lẹ́búlẹ́bú ń fà yìí ń bá jà, so gíláàsì tó ń lẹ̀ mọ́ káìtì, ó fi mú lẹ́búlẹ́bú lókè, ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1873. Ní 1952, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Hirst ṣe ẹ̀rọ tó ń fa lítà afẹ́fẹ́ 10 láàárín ìṣẹ́jú kan. Irú rẹ̀ tí wọ́n ń lò lónìí ní téèpù tó ń lẹ̀, tó ń yí ní mìlímítà 2 ní wákàtí kan fún ọjọ́ 7. Wọ́n á gé e sí ti ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi máíkírósíkóòpù kà á.

Nítòsí Rẹ́mọ, Adeonipekun ti Yunifásítì Èkó àti John yẹ eruku inú afẹ́fẹ́ Ayétòrò-Ìtẹ́lẹ̀, Ọ̀tà, wò láti mọ lẹ́búlẹ́bú tó wà nínú rẹ̀. Àbájáde rẹ̀ jáde ní 2011. Ní Nàìjíríà, ìkòkò ìdẹ tí kò nílò iná ni wọ́n sábà ń lò, oṣù-oṣù ni wọ́n sì ń dà á. Ó dára fún mímọ àsìkò, àmọ́ kò wúlò fún ìkìlọ̀ ọ̀la.

Ìkìlọ̀ ọ̀hún ṣe pàtàkì: ní Melbourne, 21 Oṣù Kọkànlá 2016, ìjì òjò fọ́ lẹ́búlẹ́bú koríko sí wẹ́wẹ́ tó wọ ẹ̀dọ̀fóró, èèyàn 10 sì kú.

Ó yẹ kí irú ẹ̀rọ Hirst wà lórí òrùlé ilé-ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbáńjọ ní Ṣàgámù. Kó tó dé, ẹ̀yin tí ẹ ní ásímà, ẹ máa kọ ọjọ́ tí èémí bá há sílẹ̀, kí ẹ gbé e fún dókítà, ẹ má sì fi ínhélà sílẹ̀ nílé.